Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò aró?

Ẹni tó bá kọ́kọ́ dúró ti aláró lẹ́nu iṣẹ́ á rí ohun tó jọ idán. Aṣọ funfun wọ ìkòkò, ó jáde láwọ̀ ewé tó ń fà sí ìyeyè. Aláró tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́, kò fi nǹkan kan kún un, kò sì ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ tí àwọ̀ ewé fi ṣí lọ, tí aró dé. Àwọn kan ní oòrùn ló ń ṣe é. Àwọn mìíràn ní bí omi ṣe ń gbẹ lára rẹ̀ ni. Kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀ nínú méjèèjì: ẹ sá aṣọ náà lóru, nígbà tí ìrì ń sẹ̀, yóò ṣì di aró kó tó gbẹ. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló ń ṣiṣẹ́ náà, ara mólékù kan báyìí, ìyẹn àwọn átọ́ọ̀mù tó so pọ̀ di ẹyọ kan, ló sì ti ń ṣe é. Indigo ni àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ń pè é.

Ohun tó máa ń rú àwọn èèyàn lójú jù nípa rẹ̀ ni pé aró fúnra rẹ̀ kì í rẹ aṣọ. Bí ẹ bá da ìyẹ̀fun indigo sínú omi, kódà kí ẹ sè é di ọ̀la, yóò kàn léfòó tàbí kó rọ̀ sísàlẹ̀ ni. Ìwọ̀nba tó bá lẹ̀ mọ́ aṣọ, omi àkọ́kọ́ ló máa ṣàn án lọ. Gbogbo iṣẹ́ aláró, látorí eérú títí dé orí ìbòrí ìkòkò, kò ju kí á yí mólékù yìí padà fún ìgbà díẹ̀ sí ohun tó lè yọ́ sínú omi, kó ráyè wọ inú òwú, kí á tó jẹ́ kó padà di aró níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo mólékù ọ̀hún. Kábọ́ọ̀nù 16 ló wà nínú rẹ̀, háídírójìn 10, náítírójìn 2, ọ́síjìn 2. C₁₆H₁₀N₂O₂ ni wọ́n ń kọ ọ́, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ 262. Ìbejì ni: apá kan kò yàtọ̀ sí èkejì. Apá kọ̀ọ̀kan ní òrùka kábọ́ọ̀nù mẹ́fà, òrùka kékeré olójú márùn-ún sì lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Inú òrùka kékeré yìí ni náítírójìn jókòó sí. Kábọ́ọ̀nù méjì ló so ìbejì náà pọ̀ láàárín, ìdè onílọ́po méjì ló sì wà láàárín wọn. Ẹ fi ọkàn sí ìdè àárín yẹn, a máa padà sí i.

Òrùka olójú mẹ́fà ló jẹ́ kí wọ́n ka indigo mọ́ àwọn tí wọ́n ń pè ní aromatic. Orúkọ yìí ń ṣini lọ́nà. Ohun olóòórùn ló túmọ̀ sí, torí pé púpọ̀ nínú irú àwọn kẹ́míkà bẹ́ẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ láyé àtijọ́ ń ta sánsán. Lónìí kò kan òórùn mọ́. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́nù kan, ìyẹn èérún kékeré tó ń so átọ́ọ̀mù pọ̀, wà nínú òrùka náà tí kì í ṣe ti átọ́ọ̀mù kankan ní pàtó. Wọ́n dà bí kànga àdúgbò: gbogbo ilé ló ń pọn ún, kò sí ilé tó ni ín. Àjọni yìí ló ń mú kí òrùka náà le, kó má tètè fọ́. Indigo alára kò ní òórùn kan tó ṣe é sọ. Èyí tó ń gbà imú kan lágbàlá aláró, ewé tó ń rà nínú omi eérú ló ni ín.

Àwọ̀ rẹ̀ wá láti ibi tí náítírójìn àti ọ́síjìn fìdí kalẹ̀ sí. Náítírójìn a máa ta ẹ̀lẹ́kítírọ́nù sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ rẹ̀, ọ́síjìn a sì máa fà á mọ́ra. Nínú indigo, olùfúnni méjì àti olùgbà méjì ló wà, wọ́n sì dábùú ara wọn kọjá lórí ìdè àárín. Ètò yìí ń jẹ́ kí mólékù náà gbé ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ọsàn mì, èyí tí ìgbì rẹ̀ tó nǹkan bí nánómítà 600 sókè díẹ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù tó ń padà sí ojú wa ni aró. Ìdí nìyí tí omi Jik fi ń ba àdìrẹ jẹ́ láì ṣeé túnṣe: ó ń gé ìdè àárín yẹn, ìbejì pínyà, apá kọ̀ọ̀kan sì di isatin, tí àwọ̀ tirẹ̀ kò ju ìyeyè lọ. Kì í ṣe pé aró ṣí kúrò lára aṣọ. Aró ti kú síbẹ̀ ni, kò sí bí ẹ ṣe lè fi afẹ́fẹ́ jí i.

Ìwà rẹ̀ tó kù, ọ̀nà tí àwọn mólékù rẹ̀ ń gbà di ara wọn mú ló ń ṣàlàyé rẹ̀. Háídírójìn tó wà lórí náítírójìn ń na ọwọ́ sí ọ́síjìn apá kejì nínú mólékù kan náà, ó sì tún ń na ọwọ́ sí ọ́síjìn aládùúgbò. Gbogbo wọn wá tò pẹlẹbẹ bí ìwé, wọ́n fọwọ́ kọ́ra, omi kò ríbi wọlé. Lítà omi kan kò lè yọ́ tó mílígíráàmù kan indigo ní ìwọ̀n ooru ilé. Ọtí líle náà kò ràn án. Ẹ fi wé bọ́ọ̀lù káńfọ̀ funfun tí à ń jù sáàárín aṣọ, ìyẹn naphthalene, tí òun náà ní òrùka olójú mẹ́fà méjì: 80°C ló ti ń yọ́, kódà nínú àpótí ló ti ń di afẹ́fẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀, òun ni imú wa ń gbọ́. Indigo kò yọ́ títí di nǹkan bí 390°C, ó sì ti ń bàjẹ́ nígbà yẹn. Bí iná bá mú un dáadáa, díẹ̀ nínú rẹ̀ a gòkè bí èéfín àlùkò kó tó tún dì lórí ohun tútù. Bí ẹ bá sì fi nǹkan dídán ra ìyẹ̀fun rẹ̀, kì í dán bí aró mọ́, ó ń dán bíi bàbà. Dídán bàbà yìí ni àwọn tó ń lu aṣọ ní Kánò àti Kúrà ń wá nígbà tí wọ́n bá ń lu ìyẹ̀fun aró mọ́ láwàní tí wọ́n ń tà fún àwọn Tùárégì inú aṣálẹ̀ Sàhárà. Aró tó ń kùn láti ara láwàní yẹn sí ojú àti ọwọ́ wọn ló sọ wọ́n di ẹni tí àwọn òyìnbó ń pè ní èèyàn aláwọ̀ aró.

Báwo la ṣe wá ń mú un wọ aṣọ? Ohun méjì ló gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀, ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà sì ni pé wọ́n rò pé ọ̀kan tó. Èkíní, a ní láti fún mólékù náà ní ẹ̀lẹ́kítírọ́nù méjì. Nígbà náà ni ìdè àárín á di ẹyọ kan, ètò tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ ọsàn mì á túká, àwọ̀ aró á parẹ́. Leuco ni wọ́n ń pe èyí tó dà, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí funfun. Èkejì, leuco yìí kò tíì lè yọ́ sínú omi lásán. Àfi kí omi náà jẹ́ omi eérú tàbí omi sódà, tí pH rẹ̀ ga (pH ni ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí omi ṣe kan tó: bó bá ṣe ga tó ni omi ṣe jìnnà sí kíkan tó). Omi bẹ́ẹ̀ á gba háídírójìn kúrò lára rẹ̀, á di iyọ̀, á yọ́, omi á sì di ìyeyè tó mọ́ gaara. Èyí ni òwú fẹ́. Bí aṣọ bá jáde sí afẹ́fẹ́, ọ́síjìn á gba ẹ̀lẹ́kítírọ́nù méjì yẹn padà, indigo á tún dì, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí inú fọ́nrán òwú ló dì sí, ọ̀nà ìjáde ti há mọ́ ọn. Àwọ̀ ewé tí ẹ rí láàárín méjì, ìyeyè tó kù àti aró tó ti dé ló pàdé ara wọn.

Agbe ló laró, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n aláró ní tirẹ̀, ewé èlú ló ń já. Èlú tí a mọ̀ nílẹ̀ Yorùbá jẹ́ igi tó ń fà, Philenoptera cyanescens lórúkọ rẹ̀ nínú ìwé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Lonchocarpus ni ìwé àtijọ́ ń pè é. Kò sí aró nínú ewé tútù. Ohun tó wà níbẹ̀ ni mólékù aláìláwọ̀ kan tí ṣúgà so mọ́, tó sì yọ́ sínú omi ewé. Gígún ni ewé ń di gígún tí ṣúgà fi ń já kúrò, èyí tó kù á pàdé afẹ́fẹ́, méjì méjì wọn á so pọ̀, wọ́n á di indigo. Ìdí nìyí tí ewé èlú tí wọ́n gún, tí wọ́n ṣù, tí wọ́n sá gbẹ, fi ń dúdú, tó sì lè pẹ́ nílé láì bàjẹ́: aró inú rẹ̀ ti di òkúta tí omi kò lè yọ́.

Omi eérú ló máa jí i. Eérú igi ní pótáṣì nínú, àwọn aláró sì máa ń kó o sínú ìkòkò tí wọ́n dá lu nídìí, wọ́n á gbé e lé orí èkejì, wọ́n á da omi sí i kó máa ro wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Omi tó dára á máa yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ, pH rẹ̀ á wà láàárín 10 sí 11. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń kó èlú ṣíṣù sí, wọ́n á bò ó fún ọjọ́ mélòó kan. Eérú kọ́ ló ń fún indigo ní ẹ̀lẹ́kítírọ́nù o. Kòkòrò àìfojúrí ni. Wọ́n ń jẹ ewé àti ṣúgà tó wà nínú ìkòkò, níwọ̀n ìgbà tí kò sì sí ọ́síjìn nísàlẹ̀ fún wọn láti mí, orí indigo ni wọ́n ń da ẹ̀lẹ́kítírọ́nù tó pọ̀jù lọ́wọ́ wọn sí. Ìkòkò aró, ohun ẹlẹ́mìí ni. Àwọn aláró tó ń bọ Ìyá Màpó kí wọ́n tó ṣí ìkòkò kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré.

Torí náà, bí aró bá kọ̀ tí kò jẹ́, ẹ bi ara yín léèrè ohun tó ṣe kòkòrò tàbí ohun tó ṣe pH. Ọyẹ́ lè dá iṣẹ́ dúró, torí òtútù ń dẹ̀ wọ́n lọ́wọ́: ìkòkò tó ń jẹ́ lọ́jọ́ mẹ́ta nígbà ooru lè gba ọ̀sẹ̀ kan. Ríro ìkòkò léraléra ń da afẹ́fẹ́ wọlé, afẹ́fẹ́ ń sọ leuco di indigo padà kó tó kan aṣọ. Ewé tó pọ̀ ju eérú lọ ń jẹ́ kí ìkòkò kan: bí kòkòrò ṣe ń jẹun ni ásíìdì ń jáde lára wọn, pH á wá sílẹ̀, leuco kò sì ní yọ́ mọ́. Ìkòkò bẹ́ẹ̀ ń rùn kíkan, omi rẹ̀ á dà bí ẹrẹ̀. Omi eérú tuntun ló ń gbà á, kì í ṣe èlú mìíràn. Eérú tó le jù náà ń pa kòkòrò. Àmì ìkòkò tó jẹ́ kò ṣòroó mọ̀: ìpéèpéè tó ń dán bíi bàbà lórí, fóòmù aláwọ̀ aró, àti omi ìyeyè tàbí àwọ̀ ewé lábẹ́ rẹ̀ bí ẹ bá fi ìka là á.

Àwọn tó ń lo kọ́sítíìkì sódà àti háídírósọ́fáìtì lónìí kò nílò kòkòrò, torí háídírósọ́fáìtì ló ń fúnni ní ẹ̀lẹ́kítírọ́nù. Ìṣirò rẹ̀ dúró báyìí: indigo gíráàmù 20 nílò háídírósọ́fáìtì gíráàmù 13 ó lé díẹ̀ àti kọ́sítíìkì bí gíráàmù 12, kó má ku ẹyọ kan. Àmọ́ ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀, garawa kò gbọ́ ìwé. Omi lítà 20 ní ọ́síjìn nínú tó lè jẹ háídírósọ́fáìtì bíi gíráàmù kan kí aró tó fẹnu kàn án, afẹ́fẹ́ orí garawa náà kò sì ṣíwọ́ jíjẹ. Bí háídírósọ́fáìtì bá sì ti ń jẹ́ jíjẹ, ásíìdì ló ń dà, ìyẹn náà ń jẹ kọ́sítíìkì. Ẹ wọn gíráàmù 25 háídírósọ́fáìtì àti 20 kọ́sítíìkì fún gíráàmù 20 indigo, ẹ ò ní kábàámọ̀.

Ẹ po indigo pẹ̀lú omi gbígbóná díẹ̀ títí á fi dà bí ẹ̀kọ. Bí ó bá ń léfòó, ẹ̀kán ọtí líle á jẹ́ kó rin. Ẹ gbé lítà omi méjì ka iná dé 50°C, ẹ gbé e kúrò. Ẹ da kọ́sítíìkì sínú omi, ẹ má da omi sórí kọ́sítíìkì, torí ó ń hó, á sì ta sí ojú. Ìkòkò alumíníọ̀mù kò dára fún un rárá: kọ́sítíìkì ń jẹ ẹ́, gáàsì tó ń gbiná sì ń jáde. Pílásítíìkì tó nípọn tàbí irin tí kì í dípẹtà ni kí ẹ lò, kí ọwọ́ wà nínú ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Ẹ da indigo pípò sí i, ẹ wá wọ́n háídírósọ́fáìtì gíráàmù 20 sórí rẹ̀, ẹ rò ó jẹ́jẹ́, ẹ bò ó fún wákàtí kan. Ẹ má jẹ́ kó ju 60°C lọ, ooru ń tú háídírósọ́fáìtì ká lásán. Nínú garawa ńlá, ẹ kọ́kọ́ wọ́n gíráàmù márùn-ún tó kù sínú lítà omi 18 tó lọ́wọ́ọ́wọ́ kó fi pa ọ́síjìn ibẹ̀, kí ẹ tó rọra rọ ti ìkòkò wọlé lábẹ́ omi, láì jẹ́ kó ta.

Ẹ fi àwo funfun dán an wò. Bí omi tó ń ṣàn lórí àwo bá mọ́ gaara, tó jẹ́ ìyeyè, tó sì di aró láàárín ìdajì ìṣẹ́jú, ó ti jẹ́. Bí ẹ bá rí èérún aró nínú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, háídírósọ́fáìtì kò tó. Bí ó bá funfun bí omi ògì, ẹ̀lẹ́kítírọ́nù ti dé, leuco ti wà, ṣùgbọ́n kọ́sítíìkì kò tó láti yọ́ ọ. Ẹni tó bá da èyí pọ̀ mọ́ tàkọ́kọ́ ni yóò máa da háídírósọ́fáìtì sí garawa láti àárọ̀ dalẹ́ láì rí ìyípadà. Háídírósọ́fáìtì tí omi bá kàn nínú ike rẹ̀ sì ń gbóná fúnra rẹ̀, ó lè gbiná. Ibi gbígbẹ ni kí ẹ fi pamọ́ sí, kó jìnnà sí Jik.

Kọ́sítíìkì tó pọ̀ jù kò sọ aró di dúdú sí i. Nígbà tí pH bá wà láàárín 10.5 sí 11.5, leuco máa ń fẹ́ràn òwú ju omi lọ. Bó bá kọjá 12, omi ló máa ń fẹ́ràn jù, aṣọ á sì jáde yẹpẹrẹ. Ní ti irun àgùntàn àti sẹ́dà, kọ́sítíìkì ń jẹ wọ́n gan-an, omi tó rọ̀ ni tiwọn.

Ẹ rẹ aṣọ sínú omi lásán kó rin kó tó wọ aró, kí afẹ́fẹ́ inú òwú jáde. Ìṣẹ́jú méjì sí márùn-ún tó lábẹ́ omi, kó wá gba afẹ́fẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bó bá ń pẹ́ jù nínú rẹ̀, aró tó ti dì tẹ́lẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ jáde. Ìgbà tí a rì í bọ̀ ló ń mú un dúdú: àyìnrín lè má ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, dúdú tó ń dán lè gba ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Ibí yìí ni ìwànwára ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Kò sí ìdè kẹ́míkà láàárín indigo àti òwú, há ló há síbẹ̀. Bí ẹ bá fi aró tó nípọn rẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ojú òwú lásán ló máa dì sí, ibẹ̀ ló sì ti máa ń kùn sí ọrùn àti àga ìjókòó. Ara ohun tó dá wàhálà sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta nìyí láàárín ọdún 1930 sí 1939, nígbà ayé Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, tí aró òyìnbó àti kọ́sítíìkì di ohun tí wọ́n fòfin dè, tí àwọn aláró obìnrin sì ta kò ó. Kọ́sítíìkì lágbára láti ba aṣọ jẹ́ lóòótọ́, bí wọn kò bá ṣàn án tán: bó bá gbẹ mọ́ òwú nínú oòrùn, ọ́síjìn á máa gé fọ́nrán rẹ̀. Omi mẹ́ta, kí a fi ọtí kíkan díẹ̀ sí ìkẹyìn, ló ń mú un kúrò.

Ṣé aró òyìnbó yàtọ̀ sí ti èlú? Mólékù kan náà ni. Adolf von Baeyer, ará Jámánì, bẹ̀rẹ̀ sí í tú u wò ní 1865, ọdún 1883 ló tó fi ìrísí rẹ̀ hàn, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1905. Ilé iṣẹ́ BASF bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1897, inú naphthalene ni wọ́n ti mú un jáde, káńfọ̀ àárín aṣọ tí a mẹ́nu kàn lẹ́ẹ̀kan. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ wọn ti ń falẹ̀ tẹ́lẹ̀, àfi ìgbà tí tẹmómítà fọ́ sínú ìkòkò, tí mẹ́kúrì inú rẹ̀ mú iṣẹ́ yá. Ìyàtọ̀ tó wà ni pé ti èlú ní àwọn nǹkan mìíràn nínú, bí indirubin tó pupa, èyí tó ń fún aró ìkòkò ní irú àwọ̀ kan tí aró òyìnbó inú ike kò ní. Aniline náà, ìyá ọ̀pọ̀ kẹ́míkà tó ní náítírójìn àti òrùka, inú aró ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní 1826 nígbà tí wọ́n sun indigo gbẹ. Anil, orúkọ aró lẹ́nu àwọn Potogí, ni wọ́n fi sọ ọ́. Àmọ́ ẹ má fi ọmọ wé ìyá-ìyá rẹ̀: òróró aláìláwọ̀ tó ń hó ní 184°C ni aniline, májèlé sì ni.

Ó ku wájì. Ìyẹ̀fun aró tí wọ́n fi ń kun ojúbọ, tó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹfun àti osùn nínú ilé òrìṣà ní Brazil títí dòní, ara èlú ni tòótọ́ rẹ̀ ti ń wá. Ohun tí wọ́n ń tà lọ́jà ní orúkọ rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ búlúù ìfọṣọ, ultramarine, tí kò ní òrùka, tí kò ní náítírójìn, tó jẹ́ pé amọ̀, sódà àti ìmí-ọjọ́ ni wọ́n sun pọ̀. Ẹ fi èérún díẹ̀ sínú gíláàsì níta gbangba, ẹ kán ásíìdì fífẹ́ẹ́rẹ́ sí i. Búlúù ìfọṣọ á ṣí funfun, òórùn ẹyin jíjẹrà á sì jáde. Wájì èlú kò ní mira.